Àdúà Tí A Ṣe Sórí Ìsọ̀ Kẹrìnlá

Ìta Fájì, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹrin oṣù Máàṣì, 1957

Lùkúmọ̀n Àlàbí, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Gbogbo ilé kí ọ. Àǹtí rẹ Àyìnkẹ́ ní kí n sọ fún ọ pé o kò tíì dá lẹ́tà òun lóhùn láti ìgbà iléyá, pé òun ò sì bínú. Ó ń bínú. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, kì í ṣe àwọn akọ̀wé tó ń gba ṣílè kan ní Apọ́ngbọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà lẹ́yìn ìrun Àsárì ni ọwọ́ mi ti ń já fáfá. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ọjà tuntun tí mo sọ fún ọ ti di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Má fò sókè. Jókòó kí o kà á.

O mọ̀ pé ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ta abọ́ tánganran nínú oòrùn ní Ìdúmàgbò. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọjà tuntun tán, tí wọ́n ní kí a wá gba ìsọ̀, mo tọ Ọ̀gbẹ́ni Ṣéhù lọ. Òun ni akọ̀wé tí ìjọba fi sídìí ìwé ìsọ̀. Ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, ó sì mọ nọ́ńbà ju bó ṣe mọ orúkọ èèyàn lọ. Ó ṣí ìwé rẹ̀ wò, ó ní ìsọ̀ kẹrìnlá ṣì ṣófo, ẹnu ọ̀nà gan-an ló wà, ṣùgbọ́n ìwé òun kì í dá rìn, pọ́ùn mẹ́wàá ló máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n mú un wá sílé òun lọ́jọ́ Alàmísì. Wọ́n máa sọ ọmọ òun lórúkọ lọ́jọ́ náà, èrò á pọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tí ẹnikẹ́ni mú wọlé. Ó ní kí n wé e sínú bébà, kí n fi lé Ganiat ìyàwó òun lọ́wọ́.

Mo lọ. Àwọn àáfà ti jókòó, Àáfà Jíbrílù ni olórí wọn. Lùkúmọ̀n, ìgbà wo ni o rí i rí kí n gbé owó kalẹ̀ nílé ìsọmọlórúkọ láìjẹ́ pé wọ́n ṣàdúà sí i? Ṣílè méjì lásán, mi ò fi í sílẹ̀ láìgba àdúà, ká má tíì wá sọ pọ́ùn mẹ́wàá. Mo bá gbé e fún Àáfà. Ó béèrè ohun tí mo ń tọrọ, mo sọ fún un. Ó wá kéde rẹ̀ bó ṣe máa ń kéde ti gbogbo èèyàn: "Àsíátù alábọ́, Ìdúmàgbò, pọ́ùn mẹ́wàá! Ó ní kí Ọlọ́run fi ìsọ̀ kẹrìnlá lé òun lọ́wọ́, nípasẹ̀ bàbá ọmọ tuntun!" Gbogbo ilé ṣe àmín. Ṣéhù tó jókòó ti Àáfà náà ṣe àmín. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tó gbé odidi ata mì, ṣùgbọ́n ó ṣe é, owó náà sì wọlé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìsọ̀ kẹrìnlá fún obìnrin kan tó mú pọ́ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Mo lọ bi í. Ó ní ìwé ti yí. Mo ní kò burú. Ká ní èmi nìkan ló rẹ́ jẹ ni, ǹ bá gbé e mì, ṣùgbọ́n ojú Ọlọ́run la ti ṣe é. Mo yà sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ti mú un. Ínsípẹ́kítọ̀ ní èmi ni ẹlẹ́rìí kìíní. Inú mi dùn sí i, nítorí mi ò ṣe ipò kìíní rí nínú ohunkóhun.

Àwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bá mi ra dígí ìkàwé ránṣẹ́. Èyí tí mo rà ní Apọ́ngbọ̀n ń sọ lẹ́tà kan di méjì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù.


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Máàṣì, 1957

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìhín. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìfaradà oòrùn. Ìwé yín dé lánàá. Orí ìdúró ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Nínú òfin, ẹni tó gba rìbá àti ẹni tó fún un, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ṣẹ̀. Ẹ ti fi ẹsẹ̀ ara yín rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì ti fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè pè yín ní ẹlẹ́rìí lónìí, kí wọ́n pè yín ní ọ̀daràn lọ́la. Nǹkan mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Adájọ́ kì í fẹ́ gbára lé ẹnu ẹni tó lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn. Yóò máa wá ẹlòmíràn tó rí i tàbí tó gbọ́ ọ, tí kò sì jẹ nínú rẹ̀. Bí kò bá rí i, ó lè dá Ṣéhù sílẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá wá kọjú sí yín.

Ta ló wà níbẹ̀ tí kò lọ́wọ́ sí i? Ẹ ronú dáadáa. Ẹyọ ẹnì kan péré ti tó.

Kí ló dé tí ẹ ò kọ̀wé sí mi kí ẹ tó gbé owó náà lọ? Ìdánwò kan ló kù fún mi. Bí mo bá yege, àwọn tó ń gbani sí iṣẹ́ lọ́yà máa wádìí mi àti ilé tí mo ti jáde wá. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè bínú o.

Mo máa wá dígí náà.

Ọmọ yín,
Lùkúmọ̀n.


Ìta Fájì
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì, 1957

Lùkúmọ̀n,

Àsàlámù àléékùn. Ara wa le. Òjò kìíní ti rọ̀, ó ba òrùlé Àyìnkẹ́ jẹ́ díẹ̀.

O bi mí ìdí tí mi ò fi kọ̀wé sí ọ kí n tó gbé owó lọ. Ìwé tí mo kọ sí ọ lóṣù Disẹ́ńbà, Fẹ́búárì ni o dá a lóhùn. Ká ní mo dúró dè ọ́ ni, ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ yẹn á ti máa rìn.

O ní kí n wá ẹni tó gbọ́ tí kò lọ́wọ́ sí i. Mo ti jókòó ro gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àáfà Jíbrílù gbọ́, ṣùgbọ́n ó yọ ṣílè mẹ́rin nínú owó náà gẹ́gẹ́ bí ìpín àwọn àáfà. Kàsímù tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà wa ò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹran. Hàwáwù tó ń ta òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́, ó ní òun ò gbọ́. Ọlọ́pàá kan tó ń gbé lójúlé kejì sí Ṣéhù náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe àmín. Àwa tó wà níbẹ̀ á tó ọgọ́rùn-ún, gbogbo wa la sì ṣe àmín. Ṣé ẹni tó bá ti ṣe àmín ti lọ́wọ́ sí i nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú wá kó gbogbo Ìta Fájì.

Mo bẹ Àáfà Jíbrílù pé kó wá jẹ́rìí. Ó ní ohun tí òun bá ti bá Ọlọ́run sọ, òun kì í tún un sọ fún ọlọ́pàá. Mo rán an létí pé ariwo ló fi bá Ọlọ́run sọ ọ́, àwọn tó wà lójú títì gbọ́. Ó ní kí n máa lọ.

Ṣéhù ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó ní ẹ̀yìnkùlé lòun wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń se ẹran, òun ò gbọ́ àdúà kankan, òun ò sì mọ ẹni tó mú nǹkan wá. Lọ́yà rẹ̀ náà ń sọ káàkiri pé irú èèyàn wo ló ń gba rìbá tí àáfà ń kéde rẹ̀? Ó ní ẹ̀bùn nìkan ni wọ́n ń kéde. Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí, ó sì fara jọ òótọ́ létí èmi náà.

Má gbàgbé dígí mi.

Ìyá rẹ,
Àsíátù.


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹta oṣù Épírì, 1957

Ìyá mi,

Ẹ kú àwẹ̀ o. Ọlọ́run á gbà á.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì sùn dáadáa. Ohun tí lọ́yà Ṣéhù ń sọ yẹn máa wọ adájọ́ létí. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó máa ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Bí ẹ bá dúró lórí pé rìbá ni, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kù síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ fẹnu ara yín jẹ́wọ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pè yín, ẹ sọ pé ẹ̀bùn ọmọ ni. Ẹ ní Àáfà ló dá fi ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kún àdúà, pé bí àwọn àáfà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ ní ìbínú ló mú yín sọ ohun tí ẹ sọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Bó bá ti jẹ́ ẹ̀bùn, kò sí rìbá níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀. Ṣéhù á máa lọ sílé rẹ̀, ẹ̀yin náà á máa lọ sílé yín.

Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá mi. Bí wọ́n bá tì yín mọ́lé, mo jìnnà, mi ò lè gbé oúnjẹ wá fún yín. Ẹ má fi ìwé yìí han ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Lùkúmọ̀n.


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Épírì, 1957

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún ìtúnu. Ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti kọ̀wé sí yín, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé ara yín le? Bó bá jẹ́ àìsàn ni, kí Àǹtí Àyìnkẹ́ bá mi fi ìlà méjì ránṣẹ́.

Ìwé mi tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún. Ẹ̀wọ̀n wà lórí kéèyàn máa kọ́ ẹlẹ́rìí ní irọ́. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ń kọ ọ́. Bí ọlọ́pàá bá rí i nínú àpótí yín, iṣẹ́ lọ́yà ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, kó tó bọ́ sí i rárá.

Mo ti fi dígí rán Bashiru, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń padà sílé nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó máa wá yín wá sí Ìdúmàgbò.

Ọmọ yín,
Lùkúmọ̀n.


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Méè, 1957

Ìyá mi,

Rájí ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí mi pé ọjọ́ Mọ́ńdè, ogúnjọ́ oṣù yìí, ni ẹjọ́. Mo mọ̀ pé ìwé yìí ò ní bá a mọ́, síbẹ̀ mò ń kọ ọ́. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni?

Lùkúmọ̀n.


Ìta Fájì
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Méè, 1957

Lùkúmọ̀n Àlàbí,

Àsàlámù àléékùn. Ara mi le. Gbogbo ìwé rẹ ló dé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó gbẹ̀yìn dé lánàá. Mi ò dá ọ lóhùn nítorí pé inú ń bí mi sí ọ, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé nínú oṣù àwẹ̀. Nígbà tí àwẹ̀ tán, ìbínú náà ò tán, mo wá ní kí ẹjọ́ kúkú parí ná.

Kóòtù kún lọ́jọ́ Àtìnní. Gbogbo àwọn tó ṣe àmín ló wá wòran, wọ́n sì wọ aṣọ ọdún. Mo ti ṣe àlùwàlá láti ilé. Wọ́n gbé Àlùkùránì fún mi, mo búra, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́yà Ṣéhù dìde. Ọmọ gíga kan ni, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ìyá, ṣé kì í ṣe ẹ̀bùn ọmọ lẹ mú lọ?"

Mo ní, "Ẹ̀bùn pọ́ùn mẹ́wàá fún ọmọ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní?"

Ó ní, "Ìyẹn ni pé ẹ mọ̀ pé rìbá lẹ gbé fún un?"

Mo ní mo mọ̀.

"Ojú ò tì yín?"

Mo ní ó tì mí. Mo ní ìdí tí mo fi gba àdúà sí i nìyẹn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kóòtù pariwo "Sáílẹ̀ńsì!" Lọ́yà wá tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ìyá, ẹ ti búra o. Ta ló kọ́ yín ní ohun tí ẹ wá sọ níbí?"

Mo ní, "Ohun mìíràn ni wọ́n kọ́ mi. Mi ò gbà á."

"Ta ni?"

Mo ní, "Ẹnì kan tó fẹ́ràn mi ni. Ó ní kí n sọ pé ẹ̀bùn ni."

Lọ́yà wo Ṣéhù, Ṣéhù wo lọ́yà, mo sì rí i pé lọ́yà rò pé oníbàárà òun ló rán èèyàn sí mi lábẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà báyìí, ó ní òun ò ní ìbéèrè mọ́, ó jókòó. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Ínsípẹ́kítọ̀ ní, "Màmá, you try well-well."

Wọ́n pe Àáfà Jíbrílù. Ìwé ìpè kóòtù ló mú un wá, ó sì dì í mọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù lé lọ́wọ́. Adájọ́ bi í lóhun tó sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ní òun ò lè rántí àdúà lásán, àfi bí òun bá ṣe é. Adájọ́ ní kó ṣe é. Àáfà tẹ́wọ́, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí Fátíà. Ẹnikẹ́ni ò rántí pé kóòtù la wà mọ́. Ó dé orí tèmi: "Àsíátù alábọ́, Ìdúmàgbò, pọ́ùn mẹ́wàá! Ó ní kí Ọlọ́run fi ìsọ̀ kejìlá lé òun lọ́wọ́, nípasẹ̀ bàbá ọmọ tuntun!"

Gbogbo kóòtù ní "Àmín!" Akọ̀wé kóòtù wà lára wọn.

Ṣéhù ní tirẹ̀ ti tẹ́wọ́ nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Ó ní, "Ìkẹrìnlá ni, Àáfà. Ìkejìlá, ti Hàwáwù ni."

Mo sọ fún ọ pé ọkùnrin náà mọ nọ́ńbà. Kò lè gbọ́ èyí tí wọ́n ṣì kó dákẹ́. Adájọ́ gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀, ó bi í pé ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé tí kò gbọ́ àdúà, báwo ló ṣe mọ èyí tí àáfà ṣì? Ọwọ́ Ṣéhù ṣì wà ní títẹ́. Hàwáwù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rántí pé òun gbé nǹkan kaná, ó jáde.

Lọ́jọ́ Àlàrùbá ni adájọ́ dá ẹjọ́. Ó sọ ohun tí o kọ sí mi, bí ẹni pé ẹ jọ ka ìwé kan náà. Ó ní ẹnu mi nìkan kì bá tó, nítorí ọwọ́ mi wà níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Ṣéhù fúnra rẹ̀ ló tì í lẹ́yìn. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ó wá pe èmi náà dìde. Ó ní ohun tí mo ṣe ò dára, òfin lè mú mi, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òótọ́ tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, òun ò ní fi í sẹ́wọ̀n. Mo dúpẹ́. Pọ́ùn mẹ́wàá di ti ìjọba. Ìsọ̀ kẹrìnlá náà di ti ìjọba padà, wọn ò sì ní fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nínú ẹjọ́ náà. Mo ṣì wà nínú oòrùn.

Ganiat pọn ọmọ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ mi lánàá. Kò bú mi. Ó kàn dúró, ó ń sunkún, mo sì fún un ní àpótí kó jókòó. Inú mi ò dùn bí mo ṣe rò pé á dùn.

Ìwé tí o ní kí n sun, mo ti sun ún. Kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá. Mi ò fẹ́ máa rí i kí n máa kà á ni.

Ìyá rẹ,
Àsíátù.


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kejì oṣù Júùnù, 1957

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò tíì dìde. Ẹ forí jì mí. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta, ojú sì tì mí nígbà kọ̀ọ̀kan ju ti ìṣáájú lọ. Mo sọ fún ara mi pé tìtorí yín ni mo ṣe kọ ohun tí mo kọ. Tìtorí yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tìtorí mi náà ni, ẹ sì ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

Ìdánwò mi di ìparí oṣù yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n wọlé jókòó ṣe é.

Nǹkan kan ò kúrò lọ́kàn mi. Àlùkùránì lẹ fi búra, lọ́yà sì bi yín pé ta ni. Mo mọ̀ yín, ẹ ò lè fi Àlùkùránì ṣeré. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ mi? Ṣé nítorí pé ọmọ yín ni mí ni?

Lùkúmọ̀n.


Ìta Fájì
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Júùnù, 1957

Lùkúmọ̀n Àlàbí, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùn. Bashiru ti dé, ó gbé dígí náà wá. Ó dára. Mo ti rí i báyìí pé ìwé kíkọ mi ò dára tó bí mo ṣe rò.

Wọlé kí o jókòó ṣe ìdánwò rẹ. Mo ti forí jì ọ́. Ọjọ́ tí o bá di lọ́yà, ojú àwọn tó dà bí èmi ni o máa rí ní kóòtù lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa bi ọ́ pé kí làwọn á sọ.

O bi mí ìdí tí mi ò fi dárúkọ rẹ. Wọ́n bi mí pé ta ni, mo ní ẹnì kan tó fẹ́ràn mi ni. Òótọ́ ni mo sọ. Lọ́yà wá jókòó, kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá dárúkọ rẹ.

Ìyá rẹ,
Àsíátù.